Mo ti pé ọdún 61, mo ṣì ń gbé irin: ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Olùbéèrè, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Láti ọdún 1983 ni mo ti ń gbé irin. Kàdúná ni mo wà nígbà náà, ẹ̀yìn ilé kan lẹ́bàá ojú irin ni jíìmù wa. Páìpù omi tó nípọn la fi ṣe ọ̀pá. A po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn, a dà á sínú agolo ọ̀dà méjì, a ti páìpù bọ àárín wọn, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan máa ń wúwo ju èkejì lọ, nítorí náà tí o bá gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, wàá yí i padà kí ọwọ́ kejì náà lè jẹ tirẹ̀. Nígbà tó yá, a ń gba fíláwíìlì àti jíà ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, a ń fi kún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó tòun ti irin lórí èjìká, àti bí wọ́n ṣe ń gbé e nílẹ̀ láì jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba gbé mi wá sí Àbújá, irin bá mi wá. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo fẹ́ kí àyà mi yọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì, kí n má parọ́. Lẹ́yìn tí mo pé ọmọ ogójì ọdún, iye kílò ni mò ń lé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá mi ò lè dá dìde mọ́, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, èmi ni mo máa ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Kàdúná náà ni mo ṣe ń gbé wọn: ẹsẹ̀ sún mọ́ wọn, ìdí lọ sẹ́yìn, àyà wà lókè. Wọn ò bọ́ lọ́wọ́ mi rí, ẹ̀yìn ò sì dùn mí. Láti ìgbà yẹn ni irin ti ní ìtumọ̀ mìíràn lójú mi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, èjìká ọ̀tún ń dùn mí tí mo bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí mo ń ti irin sókè. Lóru, tí mo bá sùn lé e, ó máa ń jí mi. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 152/94. Dókítà kọ oògùn fún mi, wọ́n ní kí n dín wàhálà kù, wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin mi àgbà ní kí n lọ máa rìn yí adágún Jabi ká bí àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ṣe yẹ kó máa ṣe é? Ẹ ṣàlàyé ìdí fún mi, kí èmi náà lè rí ohun sọ nílé.

Bàbá Ṣadé, Nyanya

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, bó ṣe rí lọ́kàn mi ni n ó sọ ọ́. Ọmọ yín ò parọ́. Ẹnì kan ní àdúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti mú un, títí di òní kò lè fi ọwọ́ òsì mú ife. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ru, kí ló tún kù tí irin ń wá níbẹ̀? Ẹ máa rìn. Àwọn ọmọ yín ṣì nílò yín.

Nọ́ọ̀sì kan, Gwagwalada

Bàbá Ṣadé, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá di èémí mú, tó ki ikùn le, tó wá ń ti ẹrù tó wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè gidigidi láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó ń gbé ẹrù tí ò ju agbára rẹ̀ lọ, tó ń mí dáadáa, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kódà gbígbé irin déédéé máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ara bá sinmi.

Nítorí náà, Bàbá Kubwa: ẹ mí sínú bí irin bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ mí síta bí ẹ bá ń tì í. Tí ẹ ò bá dá ara yín lójú, ẹ máa kà á sókè ketekete, “ení, èjì, ẹ̀ta”. Ẹni tó ń ka nǹkan sókè kò lè di èémí mú. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sílé. Lọ́jọ́ tó bá wọ 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan irin, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá parí lórí bẹ́ǹṣì, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dìde, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì.

Nǹkan kan tún wà tó ń dùn mí lọ́kàn, torí mò ń rí i lójoojúmọ́. Bí ara bá ti ń ro àwọn bàbá wa, wọ́n á ní kí kẹ́míìsì fún àwọn ní diclofenac tàbí ibuprofen, wọ́n á máa lò ó lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn wọ̀nyí lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kò jẹ́ kí oògùn tí dókítà kọ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má fi wọ́n bo ìrora èjìká yẹn mọ́lẹ̀ kí ẹ lè máa gbé irin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Físíò, Zaria

Bàbá, ẹ kú ìforítì. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, a máa ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé tó ń dunni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi irin sílẹ̀, kí ẹ yí bí ẹ ṣe ń gbé e padà.

Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yá sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Èyí tó ń tètè lọ jù ni iṣan tí a fi ń yára, èyí tí a fi ń gba ara wa sílẹ̀ tí a bá fẹsẹ̀ kọ. Ìrìn dára fún ọkàn, kí ẹ máa rìn, ṣùgbọ́n ìrìn nìkan kò lè dá ìyẹn dúró. Lọ́dún 1990, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún, tí wọ́n ń gbé ilé ìtọ́jú ní Boston, fi ẹsẹ̀ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn mẹ́sàn-án ló parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn méjì sì gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀. Ẹni 90 ọdún ni mò ń sọ yẹn o. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìlànà wọn ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa lo iṣan ara pẹ̀lú ohun tó ní ìwọ̀n ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Ní ti èjìká, ẹ jẹ́ kí físíò fọwọ́ kàn án. Mi ò lè jókòó síbí kí n dárúkọ àìsàn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jí èèyàn lóru bẹ́ẹ̀, okùn iṣan tó yí orí apá ká ló sábà máa ń jẹ́. Títí ẹ ó fi rí wọn, ẹ fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gan-an, ẹ mú dọ́ńbẹ́ẹ̀lì méjì tó fúyẹ́, irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síra. Bí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ ni yóò dá ìgúnpá dúró kí èjìká tó lọ jù sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ti irin kúrò lára, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín ní ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa ọkùnrin fẹ́ràn àyà ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn ló sì ń gbé èjìká ró.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi ṣáájú lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ jíìmù, kì í ṣe àyà. Kí ìlóṣòó má kúrò níbẹ̀ láé.

Ìyá Ìbejì, Minna

Bàbá, obìnrin ni mí, aṣọ ni mò ń tà. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọrùn ọwọ́ mi kán. Dókítà ní eegun mi ti ń fúyẹ́, àti pé ó yẹ kí n máa gbé nǹkan kí eegun lè rí iṣẹ́ ṣe. Mi ò lówó jíìmù. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo mú, mo bu omi lítà márùn-ún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi lítà kan, kílò kan ni, nítorí náà mo mọ iye tí mò ń gbé. Mò ń dìde lórí àpótí tòun ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, mò ń gbé e rìn yíká àgbàlá, bí ó bá ti rọrùn mo tún bu díẹ̀ sí i. Èyí tó gba lítà 25 kan ni mò ń gbé ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí.

Àwọn kan ní mo fẹ́ di ọkùnrin. Mo ní kí wọ́n lọ wo Adijat Olarinoye àti Folashade Lawal tí wọ́n gba wúrà nínú irin gbígbé níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, kí wọ́n wá sọ fún mi bóyá ọkùnrin ni wọ́n.

Alhaji, Kano

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Lucy Ejike tiwa. Fàdákà ló kọ́kọ́ gbà nínú irin gbígbé ní Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, ní Sydney lọ́dún 2000. Ó gba wúrà ní Athens, ó gbà á ní Beijing, ó gbà á ní Rio lọ́dún 2016, ó sì tún gba bàbà ní Tokyo lọ́dún 2021. Ó lé lógún ọdún lórí irin kan náà! Ẹni tó bá ń tọ́jú ara rẹ̀ láàárín ìdíje kan sí èkejì ló ń rí irú ẹ̀ ṣe.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹ tùwó nìkan sun. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ara ń fẹ́ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, àwàrà. Lóṣù Ààwẹ̀, èmi kì í gbé irin lọ́sàn-án. Mo máa ń ṣínu fẹ́ẹ́rẹ́, kí n ṣe díẹ̀, kí n tó wá jẹun gidi.

Olùbéèrè, Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Ó ní òun gbà, bí mo bá ṣèlérí pé a ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí n tó jáde nílé.

Físíò, ìbéèrè kan kù. Lórí ìlóṣòó, 100 kílò ni mò ń gbé. Tí mo bá dín in kù, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé mò ń tẹ̀síwájú, pé kì í ṣe pé mò ń lọ sílẹ̀?

Físíò, Zaria

Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀ta, kí ẹ wá dìde pẹ̀lú agbára. Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó ku méjì tí ẹ ṣì lè ṣe, ẹ má dé ibi tí ara á ti máa gbọ̀n. Bí 60 tí ẹ gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ bá di ẹ̀ẹ̀mejìlá tí ẹ ò sì mí hẹlẹ, ìtẹ̀síwájú nìyẹn. Ẹ fi kílò méjì ààbọ̀ kún un. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi là wọ́n láàárín. Ẹ mú ara gbóná fún bíi ìṣẹ́jú 15, ẹ fi kún un nígbà ọyẹ́.

Bàbá Ṣadé, Nyanya

Mo gbọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n béèrè fún ara mi. Ọmọ ọdún 57 ni mí, mi ò gbé irin rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú àtidìde lórí àga láì fi ọwọ́ ti orúnkún, kò rọrùn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Físíò, Zaria

Lórí àga yẹn náà, sà. Ẹ fi tìmùtìmù kan lé e kó ga díẹ̀, ẹ ká ọwọ́ láyà, kí ẹ máa dìde kí ẹ máa jókòó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ti rọrùn, ẹ yọ tìmùtìmù. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ìbejì ló kàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín náà, kí ẹ kọ iye rẹ̀ síbí.