Àrà ni, kì í ṣe àdánwò: lórí ojú lẹ́tà àti fọ́ǹtì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń ṣe ìkànnì gbé wá ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó ní òun ń kọ àlàyé ní Yorùbá fún àwọn ọmọṣẹ́ òun, lórí bí wọ́n ṣe lè fi àwọn lẹ́tà tí ìrísí wọn ṣàjèjì ṣe ojú ìkànnì lọ́ṣọ̀ọ́, ó wá pè wọ́n ní “ojú lẹ́tà àdánwò”, ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “experimental typeface”. Ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní “ojú” kò bá a mu, “ìrísí lẹ́tà” ló dáa. Ẹnìkan sì dá sí i pé kí a yé da ara wa láàmú, fọ́ǹtì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kí a fi àmì ohùn sí i kó parí. Mo rí ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí. Ṣùgbọ́n “àdánwò” yẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ojú kúrò nílẹ̀. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi òjé to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé, òjé kọ̀ọ̀kan ní ara, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ní ojú. Ojú yẹn ni íǹkì ń gbà kan bébà, ìdàkejì ni lẹ́tà sì máa ń wà lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kò dìgbà tí a bá túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mú òjé náà dání, ojú ni yóò pè é. A ní ojú aṣọ, a ní ojú ìlù, a ní ojú ìwé. Ìyá wa, ẹ forí jì mí, mà: kò sẹ́ni tó gbọ́ “ojú ìwé kẹwàá” tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹyinjú. “Ìrísí” ló fẹ̀ jù. Bí mo bá ní ìrísí lẹ́tà yìí kò dáa, ó lè jẹ́ pé ó kéré jù, ó lè jẹ́ àwọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé bébà ló mu íǹkì jù.

Fọ́ǹtì ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti bánà ní Mọ́kọ́lá kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Inú ọ̀rọ̀ Faransé tó jẹ mọ́ yíyọ́ irin àti dídà á ló ti wá: odidi àkójọ òjé tí wọ́n dà ní ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú lẹ́tà ni ọnà tí oníṣọ̀nà yà, fọ́ǹtì ni ohun tó ń gbé ọnà náà dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, fáìlì ni, èyí tí fóònù ń fà wá nígbà tí a bá ṣí ìkànnì, tí ìdí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .ttf tàbí .woff2. A máa ń ra fọ́ǹtì, a máa ń dáńlóòdù fọ́ǹtì, fọ́ǹtì lè wúwo kó jẹ dátà ènìyàn. Ojú lẹ́tà la ń fẹ́ràn, òun la sì ń kórìíra.

Ó wá kan àdánwò. Ní Ìbàdàn níbí, ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, ẹ ní ẹ fẹ́ fi lẹ́tà àdánwò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i” ni yóò kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde. Àìsàn ni àdánwò, gbèsè ni, ohun tí a ń gbàdúrà pé kó fò wá ru ni. Bí ẹ bá sì yí i sí “ìdánwò”, ọ̀rọ̀ di ti WAEC, wọ́n á bi yín pé máàkì mélòó. Òótọ́ ni pé inú “dán wò” ni méjèèjì ti jáde, ìyẹn sì bá èrò àbúrò wa mu. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ kọ́ là ń gbọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́ létí wa, ibi tó ń gbé báyìí là ń gbọ́.

Ohun tí mo mú wá ni àrà. Ojú lẹ́tà àrà.

Ẹ wo onídùndún níbi ìgbéyàwó. Yóò kọ́kọ́ lu èyí tí gbogbo agbo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti gbóná, yóò yà díẹ̀, yóò fún ọsán mọ́ abíyá, ohùn ìlù á lọ síbi tí ẹnìkan ò rò, á sì padà kí ẹni tó ń jó tó ṣìsẹ̀ gbé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dídárà. Ẹni tí kò mọ ìlù lù kì í dárà, ariwo ló ń pa. Àrà ní ìmọ̀ọ́mọ̀ nínú: ẹni tó dá a mọ bó ṣe yẹ kó rí, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà kúrò níbẹ̀. Wim Crouwel, oníṣọ̀nà lẹ́tà kan, ará Netherlands, dá irú rẹ̀ ní 1967. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà sójú gíláàsì nígbà náà kì í lè ya ohun tó bá rí roboto dáadáa, ló bá ya odidi álífábẹ́ẹ̀tì tí kò ní ibi tó yípo kankan. Ó ṣòroó kà bí nǹkan míì. Ní 1989, Just van Rossum àti Erik van Blokland, ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ṣe Beowolf, tí etí lẹ́tà rẹ̀ ń yí padà bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó fi jẹ́ pé “a” méjì kì í jọra lójú ìwé kan. Àbí kí ni onílù ń ṣe?

Mo mọ̀ pé Ìyá wa á ní àrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn nígbà gbogbo, pé a máa ń ní “Àrà wo lẹ tún dá yìí?” Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wà lára ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1994, David Carson, ará Amẹ́ríkà tó ń to ìwé ìròyìn olórin kan tí wọ́n ń pè ní Ray Gun, gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe fún Bryan Ferry, olórin kan, ó kà á, ó sú u, ló bá fi fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Zapf Dingbats tò ó láti òkè délẹ̀. Zapf Dingbats kì í ṣe lẹ́tà: ìràwọ̀ ni, àlùmọ́gàjí ni, ọwọ́ tó nàka ni. Àrà wo nìyẹn? Àrà ni ṣá o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an nìyí. Àwọn aládìrẹ kan nílùú yìí ní kí n bá wọn wo Yorùbá tó wà lórí ìkànnì wọn kó tó jáde. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é fún wọn ti rí ojú lẹ́tà kan tó nípọn, tó dúró ṣanṣan bí òpó gbọ̀ngàn Mápó, ó sì bá ọjà wọn mu, torí òpó Mápó wà nínú bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn lóòótọ́. Mo ṣí i lórí fóònù. “Ìbàdàn Dùn” gún régé. Mo yí i sísàlẹ̀, mo dé orí “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ”, ara mi bù máṣọ. À, d, ì, r, gbogbo wọn nípọn bí òpó. “Ẹ” tó tẹ̀ lé wọn rí tín-ín-rín, ó dúró bí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé mìíràn wá sí àpéjọ. Nínú “ẹlẹ́kọ”, l àti k nìkan ló jẹ́ òpó. Àmì òkè sì ti rìn kúrò lórí “ẹ”, ó lọ bà lé k.

Mo pè é. “Ìdánwò ni, sà,” ló wí. “Ojú lẹ́tà ìdánwò ni.”

Ẹ gbọ́ o, kò sí ìdánwò kankan níbẹ̀. À, ì àti ù wà nínú fọ́ǹtì náà torí àwọn ará Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ kò sí níbẹ̀, bùráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì lórí fóònù, bá lọ yá wọn nínú fọ́ǹtì mìíràn. Fọ́ǹtì tó bá ní lẹ́tà àwọn ará Vietnam máa ń ní ẹ àti ọ, torí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ fáwẹ́lì, ṣùgbọ́n ó lè má ní ṣ. Ti ẹ́ ló le jù. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Ó fún ọ ní 1ECD, ó fún ṣ ní 1E63. Kò sí nọ́ńbà kankan fún ẹ́ lódidi. Ẹ la ó kọ, a ó wá gbé àmì òkè, 0301, lé e lórí, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ibi báyìí ni kí àmì náà jókòó sí. Bí kò bá kọ ọ́, àmì á máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Mo ti ń pe irú “ẹ” tín-ín-rín yẹn ní “lẹ́tà àyálò”, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Èyí tí bùráúsà kò tilẹ̀ rí yá, tó di àpótí òfìfo, tófù ni wọ́n ń pè é lókè òkun, wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà níbí. Ibẹ̀ ni Google ti mú orúkọ Noto fún àwọn fọ́ǹtì rẹ̀ kan, láti inú “no more tofu”, pé kò ní sí tófù mọ́. Èmi ò ní pè é ní wàrà. Àpótí tó.

Ọmọkùnrin náà gbà, ó ní òun á fọwọ́ ara òun ya èyí tó kù. Ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ohun tó dagun nínú ojú lẹ́tà tó jẹ́ òpó, ló bá fi àmì kékeré onígun mẹ́rin kan náà ṣe àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ó rẹwà, mi ò lè parọ́. Àmọ́ “Ìbàdàn Dùn” ti di ohun tí ènìyàn lè kà sí “Ìbàdàn Dún”. (Ẹni tó bá dúró ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án á ní òótọ́ ni méjèèjì.) Èyí ni mo pè ní àrà, àrà tó ṣì í ṣe, a sì jọ jiyàn lé e lórí bí àgbà méjì títí ó fi gé igun náà dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ti àkọ́kọ́, ti “ẹ” tín-ín-rín yẹn, kì í ṣe àrà, àbùkù ni. “Ìdánwò” ló fi ń da aṣọ bo àbùkù yẹn, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú àlàyé tí àbúrò wa ń kọ.

Ó ku ẹyọ kan. Àbúrò wa pe fọ́ǹtì tí Adobe, Apple, Google àti Microsoft jọ gbé jáde ní 2016, tó jẹ́ pé fáìlì kan ṣoṣo lèèyàn lè fún kó tín-ín-rín tàbí tú kó nípọn, ní “fọ́ǹtì aláyípadà”. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ni kì í yí padà? Bí wọ́n ṣe ń fún un tí wọ́n ń tú u yẹn, ọsán ìyáàlù ló mú wá sí mi lọ́kàn. Mo dábàá “fọ́ǹtì ọlọ́sán”. Ẹnìkan á ní ó jọ fọ́ǹtì ẹni tó ń ta ọsàn. Àmì ohùn ni yóò yanjú ìyẹn, bí fọ́ǹtì yín bá ní i.