"Àkọ́sórí" kọ́ ni ìṣirò àfọkànṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹnìkan dá a lábàá níbí pé kí a máa pe ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé ń ṣe láìmú bírò àti ìwé ní "ìṣirò àkọ́sórí". N kò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí a kọ́ sórí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pípè é jáde ló kù. Ìlọ́po 7 ni a ń kọ́ sórí. Ta ló wá kọ́ 47 pẹ̀lú 38 sórí? Rírò ni wọ́n ń rò ó. "Rò" yẹn sì ti wà nínú "ìṣirò" fúnra rẹ̀, ẹ wá fẹ́ fi "kọ́" bò ó mọ́lẹ̀! A ní àfọwọ́kọ, a ní àfẹnusọ. Àfọkànṣe ló bá a mu. Olùkọ́ tó bá gbọ́ àkọ́sórí, kíké bí orin ni yóò máa mú ọmọ ké e.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé ẹni kan náà ní kí a yọ "dín" kúrò nínú orúkọ nọ́ńbà, kí 47 di "ogójì ó lé méje". "Dín" yẹn gan-an ni irinṣẹ́! Ẹ wò ó: 47 ni mẹ́tàdínláàádọ́ta, 38 ni méjìdínlógójì. Kí ọmọ sún méjèèjì sókè. Àádọ́ta àti ogójì, àádọ́rùn-ún. Dín mẹ́ta, dín méjì, dín márùn-ún. Márùndínláàádọ́rùn-ún. 85 ti jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń to 7 lé orí 8 nínú ọkàn bíi pé ara pátákó ló ń kọ ọ́ sí, 1 tó yẹ kó gbé lọ ló máa ń jábọ́, yóò sì dáhùn 75.

Ìyọkúrò ni ó ti máa ń wọ́. 62 yọ 38: ọgọ́ta yọ ogójì, ó ku ogún. Méjì tó lé lára 62 ṣì wà, ó di 22. Dín méjì ti ara 38 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ á tún yọ ọ́, wọ́n á ní 20. Ṣùgbọ́n ogójì tí a yọ ti fi méjì ju ohun tí wọ́n ní ká yọ lọ, a ní láti dá a padà: 24. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún wọn pé "dín á di lé", wọn yóò gbàgbé. Ẹ ka òkúta wẹ́wẹ́ 62 sílẹ̀, kí ọmọ kó 40 kúrò, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dá 2 padà. Ìgbà tí ìyẹn bá yé e ni kí ẹ tó kó òkúta pamọ́.

Ní ti 25, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní márùndínlọ́gbọ̀n ni ká máa pè ní kíláàsì, kì í ṣe ẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ní ẹnu àwọn àgbà ni ká tẹ̀lé, kó ṣàlàyé bí ọmọ ọdún 7 yóò ṣe gbọ́ "dín" nínú ẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n.