Ìrírí wa: ṣíṣe installer Windows fún R, Python àtàwọn èdè kọ̀ǹpútà mìíràn

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A máa ń jiyàn lórí èdè kọ̀ǹpútà tó dáa jù, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ installer, fáìlì .exe tó ń gbé èdè náà sórí ẹ̀rọ, tí ẹni tó ń lo Windows gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó lè kọ ẹyọ ìlà kóòdù kan. Ìdí fáìlì yẹn ni mo wà láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn olùwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà. N ó sọ ohun tójú mi rí, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ọ̀fẹ́ ni R, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Fún Windows, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé sórí CRAN, ibi tí R àtàwọn àfikún rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 80 MB. Inno Setup ni wọ́n fi ń dì í, irinṣẹ́ tí Jordan Russell ti bẹ̀rẹ̀ láti 1997. 80 MB kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já gaara. Ìṣòro ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn inú yàrá bá jọ ń fa tidyverse, àkójọ package (àfikún tí a ń gbé sínú R), àti gbogbo package tó rọ̀ mọ́ ọn lórí hotspot fóònù kan. Àárọ̀ ti lọ, a ò tíì ka dátà kankan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ṣe installer tèmi. Àwọn tó ń ṣe R fàyè sílẹ̀ fún un, ó sì wà nínú ìwé ìtọ́ni wọn. O máa da fódà R tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ kọ síbòmíràn, wàá fi àwọn package tí o fẹ́ sínú library rẹ̀, lẹ́yìn náà wàá wọ fódà src/gnuwin32/installer nínú kóòdù R, wàá sì pa àṣẹ `make myR`, kí IMAGEDIR máa tọ́ka sí fódà tí o dà kọ. Rtools (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ R lórí Windows) àti Inno Setup gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń ṣe é. Rtools tóbi, ó ju 300 MB lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tèmi nìkan ló wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò rẹ̀. Orí fláàṣì ni mo ń gbé èyí tó jáde sí, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó ná dátà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an ni àwọn lẹ́tà wa. Kí R tó dé ẹ̀dà 4.2, codepage, ìyẹn àtẹ lẹ́tà, tí Windows bá yàn ni ó ń lò. Lórí ẹ̀rọ tí a ṣètò ní Gẹ̀ẹ́sì, 1252 ni. Codepage 1252 ní é, ó ní à, ó ní ó, nítorí àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ẹni tí orúkọ ìlú bá wà nínú dátà rẹ̀, tó ní kí R tẹ data frame náà (tábìlì dátà) jáde, `<U+1EB8>d<U+1EB9>` ló máa bá níbi tó kọ Ẹdẹ sí. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ti orúkọ fódà ló le.

Bí ènìyàn bá fi Ṣadé ṣe orúkọ account nígbà tó ra láptọ́ọ̀pù, C:\Users\Ṣadé ni Windows máa ṣí fún un. Abẹ́ Documents tó wà nínú fódà yẹn sì ni R máa ń fẹ́ kó package àdáni sí nígbà náà. R á fi codepage tí kò ní Ṣ nínú wá fódà náà, kò ní rí i, á sì ní òun ò lè dá ibi tí òun máa kó nǹkan sí. Installer ti parí láìsí àròyé, R ti ṣí, àmọ́ package kankan kò wọlé. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ orúkọ account rẹ̀ di Sade nítorí èyí, tí fódà náà ṣì ń jẹ́ orúkọ ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé Windows kì í yí orúkọ fódà padà báyẹn. Inú bí mi. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ kù kí ó tó lè rí ìṣirò ṣe.

Nínú installer tèmi, mo fi fáìlì ìṣètò Renviron.site sínú fódà etc, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé R_LIBS_USER, ibi tí R ń kó package àdáni sí, wà ní C:/Rlib. Inno Setup ló ń ṣí fódà náà nígbà tí ènìyàn bá ń gbé R sórí ẹ̀rọ, tó sì ń fún gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní àṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Láti ìgbà náà, Ṣadé, Ọlọ́run-ún-yọ̀mí, Ẹniọlá, gbogbo wọn ló ń rí package wọn gbà.

Lẹ́yìn náà ni R 4.2.0 dé ní oṣù kẹrin 2022. Tomas Kalibera ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, mo sì ń kí i láti ibi tí mo wà. Wọ́n fi ìlà kan sínú manifest R, fáìlì tó ń júwe ètò fún Windows, tó sọ pé UTF-8, ìlànà tó lè kọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni kó máa bá òun lò, bí Windows 10 ẹ̀dà 1903 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e bá wà lórí ẹ̀rọ. Ìlà kan ni lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n ní láti kúrò lórí msvcrt, library C àtijọ́ ti Windows, kí wọ́n bọ́ sórí UCRT, ti tuntun, nítorí kò ṣeé ṣe láti da kóòdù tí a kọ́ fún ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Wọ́n wá tún gbogbo library C kọ́, wọ́n tún package CRAN kọ́, èyí tó ti ju 18,000 lọ, wọ́n sì gbé Rtools42 jáde fún un. Ẹ̀dà 32-bit parí síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ 32-bit ṣì pọ̀ níbi tí mo ti ń kọ́ni, nítorí náà installer méjì ni mo ń tọ́jú: ọ̀kan tó dúró lórí 4.1.3 fún àwọn ẹ̀rọ yẹn, àti ọ̀kan tó ń bá ẹ̀dà tuntun rìn.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Python ni tèmi, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ń kọ́.

Ohun tó ń dá wa dúró ni àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ installer, èyí tó ń fi Python sí PATH, àkójọ ibi tí Windows ti ń wá ètò tí a bá dárúkọ. Wọn kò fi àmì sí i, ọmọ tó bá kù gìrì tẹ Install Now kò ní rí i. Tó bá wá kọ `python` nínú ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, Microsoft Store ló máa ṣí, nítorí láti 2019 ni Windows 10 ti fi python.exe kan síbẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà Store. Ọmọ á ní òun ti gbé Python sórí ẹ̀rọ, Windows á ní kò sí. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n tẹ ohunkóhun mọ́. Ẹ fi `/layout` ṣí installer náà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, á kó gbogbo ohun tó nílò jọ sínú fódà kan. Lẹ́yìn náà, fáìlì .bat kan á pè é pẹ̀lú `/quiet InstallAllUsers=1 PrependPath=1`. Ó tán.

Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń bi mí nípa C:\Python27 tó wà nínú ìwé wọn àtijọ́. Láti Python 3.5, ní 2015, ni Steve Dower ti fi WiX, irinṣẹ́ mìíràn fún installer, tún installer náà ṣe, tí Python sì kó lọ sí Program Files tàbí AppData. Ojú ọ̀nà náà gùn, àwọn ọmọ kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn. Fódà tó bá wà ní gbòǹgbò C:, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé sórí ẹ̀rọ lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà tí odidi ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ẹnì kan lè ju DLL burúkú, fáìlì kóòdù tí ètò ń pè, síbẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣí i láìmọ̀.

Ẹ rántí pé 3.8 ni Python tó gbẹ̀yìn lórí Windows 7. Ẹ má ṣe gbé 3.9 lọ síbẹ̀.

Láti Èkó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Inno Setup di èdè kékeré kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kọ. Gbogbo ẹni tó bá fà á ni Windows ń kìlọ̀ fún, antivirus àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa á rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Láti Leeds

Àbúrò, kò túmọ̀ sí pé kòkòrò wà nínú fáìlì rẹ. Èmi náà wà lára àwọn tó ń tọ́jú installer èdè kan báyìí, mo mọ bó ṣe ń rí.

Nǹkan méjì ni SmartScreen, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń kìlọ̀ yẹn, ń wò: ta ló fọwọ́ sí fáìlì náà, àti bóyá ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò ó láìsí wàhálà. Tí kò bá sí ìbuwọ́lù, ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan jẹ́ àjèjì pátápátá, orúkọ rere tí ti àná ní kò kàn án. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ fi UPX fún àwọn .exe yín pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Àwọn tó ń kọ fáìrọ́ọ̀sì fẹ́ràn UPX, antivirus sì ń fura sí gbogbo ohun tó bá lò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìbuwọ́lù. Láti oṣù kẹfà 2023, àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ fún yín ní kọ́kọ́rọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì mọ́. Inú token USB tàbí orí ẹ̀rọ ààbò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ wà. Ó le fún àwa tí a ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́, nítorí kò sí ibi tí ènìyàn máa ki token bọ̀ lára ẹ̀rọ GitHub tó ń kọ́ kóòdù. SignPath Foundation máa ń bá àwọn iṣẹ́ tí kóòdù wọn wà ní gbangba fọwọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ rí i dájú pé timestamp, àmì ìgbà tí a fọwọ́ sí i, wà nínú ìbuwọ́lù náà, kí ìbuwọ́lù má bàa di asán lọ́jọ́ tí ìwé ẹ̀rí bá parí. Ẹ fọwọ́ sí uninstaller náà pẹ̀lú.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan lórí PATH. Nígbà tí installer wa bọ́ sọ́wọ́ mi, setx, àṣẹ Windows kan, ló fi ń kọ PATH. Setx kì í kọ ju àmì 1024 lọ, ó ń gé ìyókù dànù. Obìnrin kan tó ní Java, Git àti Node lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀wé sí wa pé gbogbo wọn pòórá lọ́jọ́ tí òun gbé èdè wa wọlé. NSIS, irinṣẹ́ mìíràn fún installer, ní irú ààlà 1024 yẹn bí ènìyàn bá lò ó bó ṣe wà. Àlejò kì í kó ẹrù onílé síta. Inú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ìṣètò rẹ̀, la ń kọ ọ́ sí báyìí, sí apá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà nìkan, a sì fi `ChangesEnvironment=yes` sí i kí Windows gbọ́. Nígbà tí ènìyàn bá yọ ètò náà, ohun tí a fi síbẹ̀ nìkan la ń yọ.

AppId yín, àmì tí Inno Setup fi ń dá ètò yín mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé. Tó bá yí padà, ẹ̀dà tuntun kò ní rọ́pò ti àtijọ́, méjèèjì á jọ wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ sì máa dán gbogbo rẹ̀ wò nínú Windows Sandbox, Windows àdánwò tó ń ṣí nínú Windows, nítorí mímọ́ ló máa ń ṣí nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ ẹni tó ń kọ kóòdù ti ní gbogbo DLL tẹ́lẹ̀, kò lè sọ òtítọ́ fún un.

Láti Ìbàdàn

Ọ̀gá mi ní Leeds, ẹ ṣé. N ó fi ọ̀kan kún ìdánwò yẹn, ó kan gbogbo wa.

Unicode, àtẹ lẹ́tà gbogbo èdè, kò ní àmì ẹyọ kan fún ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kan máa kọ ẹ, á fi àmì òkè tẹ̀ lé e. Òmíràn á kọ é, á fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n NTFS, ètò tí Windows fi ń tọ́jú fáìlì, kì í sọ wọ́n di ọ̀kan. Fódà méjì tó ń jẹ́ Adéyẹ́mọ lójú wa lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí installer bá ṣí ọ̀kan, tí ètò sì ń wá èkejì, "kò sí fáìlì" ni èsì, bẹ́ẹ̀ fódà wà níwájú ẹni. Account méjèèjì ni mo ń ṣí nínú ẹ̀rọ ìdánwò mi kí n tó gbé ẹ̀dà kankan jáde. Fáìlì tí mo fi ń ṣí wọn wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ní Èkó, bí o bá fẹ́ ẹ, sọ ọ́ níbí, n ó gbé e sílẹ̀ fún gbogbo wa.