Ẹ tẹ àṣẹ kan, kọ̀ǹpútà lọ jẹ́ òmíràn: ẹ sọ ìrírí yín

Akọ̀wé_Kóòdù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní àná, mo kọ ètò kékeré kan lórí Linux, mo sọ ọ́ ní test, mo sì tẹ test, ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan tí ó jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé mo ṣe àṣìṣe. Odindi wákàtí méjì ni mo fi wá àléébù nínú kóòdù tí kò ní àléébù. Ta ni irú èyí ti bá rí?

Bàbá_Tẹ́mínà: Ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Àṣẹ àbínibí ni test jẹ́ fún bash, ètò tí ń gba àṣẹ wa ní Linux; ti inú ara rẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó wo àwọn fódà inú PATH, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí ó ti máa ń wá àṣẹ. Ẹ tẹ `type -a test`, ẹ ó rí gbogbo ajórúkọ náà. Tiyín kò ní sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì: Ní Windows, fódà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ni cmd, ètò tí ń gba àṣẹ níbẹ̀, máa ń yẹ̀ wò ṣáájú PATH. Èwo ni ti Linux tí kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Bàbá_Tẹ́mínà: Ewu wà níbẹ̀, ìyá wa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, olùkọ́ kan fi àmì ìdánudúró (.), èyí tí ó túmọ̀ sí fódà tí a wà, sí iwájú PATH rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi fáìlì kan tí ó pè ní ls, orúkọ àṣẹ tí ń to àwọn fáìlì jáde, sínú /tmp, fódà tí gbogbo ènìyàn lè fi nǹkan sí. Ọjọ́ tí olùkọ́ náà wọ /tmp tí ó sì tẹ ls, gbogbo fáìlì rẹ̀ di kíkà fún tọmọdé tàgbà.

Kò_Dá_Mi_Lójú: Gbogbo àgbà Unix ni ó ń sọ ìtàn yìí, ilé-ẹ̀kọ́ olúkúlùkù wọn ni ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá_Tẹ́mínà: Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ìyá_Ìbejì: Háà! Mo gbà o. Àní PowerShell, ètò àṣẹ Windows mìíràn, pàápàá ti jáwọ́ níbẹ̀, `.\` ni ó máa ń béèrè ṣáájú orúkọ ètò inú fódà tí a wà.

Ajẹ́Setx: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi fi setx, àṣẹ Windows kan, fi fódà kan ṣoṣo kún PATH, ó gé gbogbo rẹ̀ kù sí lẹ́tà 1024, ìdajì irinṣẹ́ mi sì di àwátì.

Òru_Ò_Mọ_Ẹni: Tèmi tún yàtọ̀. Mo gbé python tuntun sí /usr/local/bin, tí ó ṣáájú /usr/bin nínú PATH mi, síbẹ̀ ti àtijọ́ ni ó ń jẹ́ mi. Àṣé bash ti há ibi tí ó ti rí i tẹ́lẹ̀ sórí ni. Àṣẹ `hash -r` ni ó mú un gbàgbé.

Kò_Dá_Mi_Lójú: Ẹ kàn pa tẹ́mínà dé, kí ẹ tún un ṣí. Ohun kan náà ni.

Akọ̀wé_Kóòdù: Mo ti tẹ `./test`, ìyẹn test inú fódà tí mo wà. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó mú wá kò tọ̀nà.