Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àyà mi ń já bí mo bá fẹ́ ya fọ́tò èèyàn nígboro

Ọ̀nàTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro ni. Fọ́tò tó wù mí ni èyí tí èèyàn ti ń ṣe ohun tó ń ṣe, tí kò tíì tún aṣọ fà, tí kò tíì rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e sójú báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo wá ń dúró lókèèrè, mo ń fi zoom fà wọ́n mọ́ra. Ẹ̀yìn èèyàn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń bá délé, àwọn díẹ̀ tí ojú wọn sì hàn, ṣe ni wọ́n ń ṣe bàìbàì.

Lẹ́ǹsì 18-55 tó bá kámẹ́rà wá wà lọ́wọ́ mi, mo sì ní 55-250. Èwo ni kí n máa mú jáde? Báwo ni mo ṣe máa súnmọ́ èèyàn tí kò ní dìjà? Ṣé kí n máa tọrọ àyè kí n tó yà wọ́n ni? Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀
Káàbọ̀, àbúrò. 55-250 yẹn, fi í sílé. Ẹni tó bá rí lẹ́ǹsì gígùn tí wọ́n nà sí òun láti òdìkejì títì, ó máa rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun ni. Ẹni tó bá rí ọ nítòsí pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré, ó rí ojú rẹ, ọkàn rẹ̀ kì í tètè fò. Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Èyí tí wọ́n bá fi zoom yà látòkèèrè, ẹni tó ń wò ó máa mọ̀ ọ́n lára pé onífọ́tò ò sí níbẹ̀.

Gbé 18-55 sí 18, ibi tó ti fẹ̀ jù, kí o sì fi téèpù lẹ òrùka zoom rẹ̀ kó má lè yí. Lórí irú kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì yẹn máa ń bá wá, 18 fẹ̀ tó nǹkan bíi 28 ti full frame (kámẹ́rà tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm). Tí o bá ń lo ìwọ̀n kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ máa mọ ohun tó máa wọnú àwòrán kí o tó gbé kámẹ́rà sókè rárá. Henri Cartier-Bresson, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ò fi bẹ́ẹ̀ lo nǹkan míì ju 50mm lọ lórí Leica rẹ̀, ó sì fi nǹkan dúdú bo ibi tó ń dán lára kámẹ́rà náà kó má baà máa fa ojú mọ́ra. Mi ò ní kí o lo 50 o. Lórí kámẹ́rà tìrẹ, ó máa ti ọ́ sẹ́yìn jù. Mú ọ̀kan ni mò ń sọ, kí o sì dúró tì í.

OnífóònùNìkan
Fóònù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó di fóònù mú mọ́. Bọ́tìnnì tí a fi ń mú ohùn lọ sókè ni kí o máa tẹ̀ láti yà á, kí o má baà máa wá ibi tí wàá tẹ̀ lójú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí o bá tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi tí o fẹ́ kó mọ́ kedere, focus àti ìmọ́lẹ̀ máa dúró síbẹ̀.

DúróDèMí
Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì ti yanjú. Èyí tó kù, tí mo rò pé òun gan-an ló ń dà ọ́ láàmú, ni pé ò ń lé èèyàn kiri. Tí o bá ń tọ èèyàn lọ tìwọ ti kámẹ́rà, ara rẹ̀ máa fu pé nǹkan kan ń bọ̀. Á yà fún ọ, tàbí kó yíjú, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yìn fi pọ̀ nínú fọ́tò rẹ. Má lé ẹnikẹ́ni mọ́. Wá ibì kan tó dára, dúró síbẹ̀, jẹ́ kí wọ́n wá bá ọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí o fi wá ibẹ̀. Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí, igun ilé tí èèyàn ti ń jáde látinú òjìji bọ́ sójú oòrùn, orí àtẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ti ń sọdá títì. Kọ́kọ́ wo àwòrán náà láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ṣé ó wuni? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àyè ẹnì kan ló ṣófo, dúró dè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa wò ọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, o ti di ara ibẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ni wọ́n bá ọ níbẹ̀. Àwọn ló rìn wọnú àwòrán rẹ, ìwọ kọ́ lo já lù wọ́n. Ohun tí èyí máa ṣe fún àyà tó ń já yẹn, kò sí lẹ́ǹsì tó lè ṣe é. Fọ́tò ọkùnrin tó ń fò kọjá lórí omi, tí Cartier-Bresson yà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris ní 1932, inú àlàfo pátákó ọgbà ló ki lẹ́ǹsì rẹ̀ sí. Ọkùnrin náà ló wá fò kọjá níwájú rẹ̀.

Ní ti bàìbàì: 250mm lórí kámẹ́rà rẹ ń fẹ́ shutter (ohun tó ń ṣí tó sì ń pa nínú kámẹ́rà bí o bá tẹ̀ ẹ́) tó yára tó 1/400 ìṣẹ́jú àáyá kí gbígbọ̀n ọwọ́ má baà hàn. Ẹni tó ń rìn kọjá nítòsí rẹ, á ṣe bàìbàì ní 1/60 bí ọwọ́ rẹ tilẹ̀ dúró gbagidi. Fi shutter sí 1/500, fi ojú lẹ́ǹsì (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) sí f/8, jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ISO (bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), kí o má sì jẹ́ kó kọjá 3200. Lẹ́yìn náà, gbé ọ̀rọ̀ focus kúrò lọ́wọ́ kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì rẹ lè má ní nọ́ńbà mítà lára, torí náà jẹ́ kí autofocus (focus tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀) mú ohun kan tó jìnnà sí ọ tó mítà 2, kí o wá yí i sí MF (focus tí a ń fọwọ́ ṣe), kí o má fọwọ́ kan òrùka focus mọ́. Ní 18mm àti f/8, ohun gbogbo láti nǹkan bíi mítà 1 lọ títí dé ọ̀nà jíjìn máa mọ́ dáadáa. Kámẹ́rà ò ní máa wá ojú ẹnikẹ́ni kiri mọ́, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti yà á. Wọn mítà 2 yẹn sílẹ̀ nílé kí o máa wò ó, kí ojú rẹ mọ bó ṣe jìnnà tó.

Ohun kan ṣì kù. Tí o bá yà á tán, má tètè sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Máa wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà bí ẹni pé nǹkan míì lò ń yà. Á kọjá lọ.

Ojúlọ̀rọ̀wà
Ẹ̀gbọ́n DúróDèMí, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ àyàfi ti ìparí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ ní bó ṣe máa díbọ́n. Ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n ya òun, tó wá rí i pé onífọ́tò ń ṣe bí ẹni tí kò yà á, ibẹ̀ ni ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, ojú lọ̀rọ̀ wà. Wo ojú rẹ̀, mi orí sí i, rẹ́rìn-ín. Tó bá bi ọ́, sọ òótọ́: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé yín lójú ló wù mí. Fi fọ́tò náà hàn án. Tó bá ní kí o pa á rẹ́, pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀, má bá a jiyàn, kódà kó jẹ́ òun ló dára jù nínú gbogbo èyí tí o yà lọ́jọ́ náà.

Ní ti títọrọ àyè, tí o bá kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀, ẹni náà máa gbáradì, ohun tí ò ń wá á sì lọ. Nítorí náà yà á ná, kí o wá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí mi ò ní yà láéláé: ẹni tó ń sunkún, ẹni tó ń sùn lẹ́bàá títì torí pé kò nílé, ẹni tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ọmọdé tí òbí rẹ̀ ò sí nítòsí. Irú wọn ò sí ní ipò láti sọ fún ọ pé rárá.

Àgbà_Fíìmù
Mi ò ta kò ọ́, Ojúlọ̀rọ̀wà, àmọ́ àwọn tó fi kámẹ́rà pamọ́ wà lára àwọn tí à ń wo iṣẹ́ wọn títí dòní. Láti 1938 sí 1941, Walker Evans, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà sábẹ́ kóòtù nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, wáyà tó fi ń tẹ̀ ẹ́ gba inú apá aṣọ rẹ̀. Irú ojú tó rí yà níbẹ̀, ojú èèyàn tó wà pẹ̀lú ara rẹ̀ nìkan, ó ṣòro kéèyàn rí i tó bá ti bá wọn sọ̀rọ̀. Onífọ́tò Ernest Cole náà fi kámẹ́rà pamọ́ ní Gúúsù Áfíríkà nígbà ìjọba apartheid.

Ojúlọ̀rọ̀wà
Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n Evans ò kó wọn jáde nínú ìwé títí di 1966, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti yà wọ́n. Ti Cole sì yàtọ̀ pátápátá. Ìjọba tó fi òfin tẹ àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi kámẹ́rà pamọ́ fún, ìjọba yẹn náà ló sì fòfin de ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967. Ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì kò ṣe wá ní nǹkan kan tí a ó fi máa sá pamọ́ fún un.

Ọ̀nàTuntun, wo òfin ibi tí o bá wà dáadáa, pàápàá kí o tó gbé fọ́tò síta, torí ó ń yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ní New York, ọkùnrin kan pe onífọ́tò Philip-Lorca diCorcia lẹ́jọ́ nítorí fọ́tò tó yà á ní Times Square láìjẹ́ kó mọ̀. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2006, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni. Ní Quebec, ọmọbìnrin kan tí wọ́n yà níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n gbé sínú ìwé ìròyìn láìgbàṣẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà dá a láre ní 1998. Ní Jámánì, láti 1907 ni òfin ti wà pé kí wọ́n gba àṣẹ ẹni kí wọ́n tó gbé àwòrán rẹ̀ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀.

DúróDèMí
Mo gbà fún ọ lórí wíwo ojú. Ẹni tó bá rí wa, ká mi orí sí i. Ẹni tí kò rí wa, ká jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀nàTuntun
Ọlọ́run á bù kún yín o. Mo ti lọ dúró síbì kan tí oòrùn ti ń tàn sára ògiri, mo fi gbogbo rẹ̀ sí bí ẹ̀gbọ́n DúróDèMí ṣe wí. Àyà mi já ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó rọlẹ̀ nígbà tó yá. Màmá kan rí mi, mo mi orí sí wọn, àwọn náà mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ. Ojú èèyàn ti wá ń hàn kedere báyìí! Ìṣòro tó kù ni pé ẹ̀yìn àwòrán dọ̀tí. Òpó iná yọ látorí ẹnì kan, ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí sì wà létí òmíràn. Ṣé kí n máa pa irú àwọn wọ̀nyẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀?

Àgbà_Fíìmù
Má pa ohunkóhun rẹ́ nígboro, àfi èyí tí olójú bá ní kí o pa. Má tilẹ̀ máa wò wọ́n níbẹ̀, torí bí o bá ti sorí kọ́ ń wo ojú kámẹ́rà, èyí tó dára jù lè kọjá níwájú rẹ. Garry Winogrand, onífọ́tò ìgboro ará Amẹ́ríkà, máa ń jẹ́ kí fíìmù rẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó fọ̀ ọ́, kí inú tó dùn lọ́jọ́ tó yà á má baà tàn án jẹ. Tìrẹ ò ní láti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó sun oorun díẹ̀ nínú kámẹ́rà, kí o wá wò ó lójú kọ̀ǹpútà.

Òpó iná yẹn, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi yọ ọ́. Ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì ti tó kí òpó kúrò lórí èèyàn. Tẹ orúnkún díẹ̀, orí ẹni náà máa yọ sókè kúrò nínú ìdọ̀tí ẹ̀yìn, ó máa bọ́ sára ògiri tó mọ́ tàbí sójú ọ̀run. Ti ọwọ́ ẹlòmíì tó wọlé létí, kí o máa wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán nígbà tó bá ṣì ṣófo. Tí o bá ti mọ ibi tí etí rẹ̀ dé, wàá mọ̀ bí ẹni kejì bá ti fẹ́ wọlé, wàá sì tẹ̀ ẹ́ kó tó wọ̀ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀
Kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá le, bíi -0.7 tàbí -1 níbi tí wọ́n kọ +/- sí lára kámẹ́rà. Ògiri ò ní funfun jù, òjìji ẹ̀yìn á ṣókùnkùn, á sì gbé ìdọ̀tí púpọ̀ mì. Fi méjì mẹ́ta hàn wá níbí, pẹ̀lú èyí tí òpó ti yọ lórí èèyàn, ká jọ wo ibi tó yẹ kí o dúró sí.