Bí òórùn bá lè pe kòkòrò igbó, kí ló dé tí wọn ò fi kó gbogbo wọn pa?

Ajímátijẹun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ka ìwádìí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lórí àwọn kòkòrò abẹ́ èèpo igi, àwọn tó ń pa igi páìnì. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lè tú fẹ́rómònù, ìyẹn òórùn tí kòkòrò fi ń pe ara wọn, jáde, kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fò wá bá a. Tí wọ́n bá ti mọ òórùn náà, tí wọ́n sì lè pò ó, ṣebí kí wọ́n kàn fi sínú tàkúté ni? Kí ló le níbẹ̀?

Ọmọ_Láàbù:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lẹ bọ́ sí yìí. Mímọ òórùn ọ̀hún gan-an kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Adolf Butenandt àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì fi máa rí ti àfòpiná sílíìkì ní 1959, abo tí wọ́n lò tó nǹkan bí 500,000, míligíráàmù díẹ̀ péré ni wọ́n sì rí.

Lónìí, ìwo orí kòkòrò fúnra rẹ̀, èyí tó fi ń gbóòórùn, la fi ń wá a. À á gé ìwo kan, à á fi ìdí àti ṣóńṣó rẹ̀ kan omi iyọ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wáyà wà nínú wọn. Ẹ̀rọ á máa ya òórùn tí a kó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì máa fẹ́ ẹ sí ìwo náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìwo bá mọ̀, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á já wálẹ̀ lójijì. Òmíràn lè pọ̀ gan-an nínú àpòpọ̀ náà, ìwo ò ní mira rárá. Kíá ni ìwo gígé máa ń kú, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ò lè ṣe é.

Òórùn náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ní 1966, Silverstein, Rodin àti Wood rí oríṣi mẹ́ta lára ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò abẹ́ èèpo igi tí wọ́n ń pè ní Ips, tó ń jẹ igi páìnì ní California. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, àfi tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀.

Ajímátijẹun:
Ó yé mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Tàkúté ńkọ́?

Ọmọ_Láàbù:
Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní Norway, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀kẹ́ àìmọye tàkúté ni wọ́n gbé sínú igbó, kòkòrò tó kó sínú wọn sì tó bílíọ̀nù. Àjàkálẹ̀ kòkòrò tó ń pa igi wọn nígbà náà rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ títí dòní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá tàkúté ló ṣe é.

Ìdí ni pé òórùn náà ò mọ ibi tí tàkúté wà. Gbé e sún mọ́ igi tó ṣì yè, àwọn tó yẹ kó wọ inú tàkúté á wọ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi tó lágbára lè fi oje rì kòkòrò kan tàbí méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò lè rì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ké pe ara wọn. Ẹni tó bá sì ń pariwo pe ẹbí rẹ̀, ọ̀tá náà ń gbọ́: *Thanasimus*, kòkòrò tó ń jẹ wọ́n, òórùn yẹn kan náà ló ń tẹ̀ lé. Tàkúté á wá máa kó alábàárò wa pa mọ́ ọ̀tá.

Èyí tó wù mí jù ni verbenone. Tí igi bá ti kún, òórùn yìí á máa sọ fáwọn tó ń bọ̀ pé ibí ò gbà mọ́. Àwọn onígbó máa ń so ó mọ́ igi tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n wọ̀. Tí kòkòrò bá pọ̀ jù, wọn ò ní kà á sí.

Ewé_Odò:
Ẹ má sọ ọ́ bíi pé kò wúlò o. Ti àfòpiná *Lymantria dispar* ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Bàálù ni wọ́n fi ń fọ́n disparlure, òórùn abo rẹ̀ tí wọ́n pò, sórí igbó. Akọ á máa gbóòórùn abo níbi gbogbo, kò ní rí abo kankan. Abo wọn níbẹ̀ ò sì lè fò lọ wá akọ.

Ọmọ_Láàbù:
Òótọ́ ni, ó dáa gan-an níbi tí wọn ò bá tíì pọ̀. Fún kòkòrò èèpo igi, kíkà ni mo fẹ́ràn tàkúté fún jù. Iye tó bá wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ kan ló ń jẹ́ kí onígbó mọ̀gbà tó yẹ kó wá igi tí wọ́n ti wọ̀, kó gé e, kó sì gbé e jáde kí àwọn ọmọ abẹ́ èèpo tó gún ìyẹ́.