Àwo mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa: ṣé ká kéde wọn pa pọ̀ ni, àbí lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ojú-Kejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń ṣe. Àwa méjèèjì là ń yan orin, àwa là ń bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀, àwa náà là ń di àwo sínú páálí tá a sì ń kọ àdírẹ́sì sí i. Ìròyìn tó ń jáde lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ mi ló ti ń wá: lẹ́tà kan tí mo máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ti ra àwo lọ́wọ́ wa rí. Mo fẹ́ràn lẹ́tà yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ ìdí tá a fi yan orin kan, ohun tí akọrin ń rò nígbà tó ń kọ ọ́, àti ẹni tó ya àwòrán ara páálí.

Ní báyìí, àwo mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àwo ńlá ti obìnrin kan tó ń kọrin sí gìtá, òun nìkan, láìsí ìlù. Ìṣẹ́jú 46 ni gbogbo rẹ̀. A ti to àwọn orin náà, ojú kìíní jẹ́ 26, ojú kejì jẹ́ 20, a sì fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ láìpẹ́ sí ẹni tó máa gé wọn, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ orin sójú àwo. Èkejì jẹ́ àwo kékeré tí orin méjì wà nínú rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo ti gbà lọ́wọ́ wa. Àwo àyẹ̀wò rẹ̀ là ń retí, ìyẹn ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ ká lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹ̀kẹta ni ọkàn mi fà sí jù. Àtúntẹ̀ àwo àtijọ́ kan ni, tó jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí kò sí lórí àtẹ mọ́ rárá. Téèpù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí olórin náà, wọ́n sì ti sọ fún wa lẹ́nu pé àwọn fọwọ́ sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ní ká kéde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sílẹ̀. Ó ní tí àwọn èèyàn bá rí mẹ́ta pa pọ̀, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, àwọn alágbàtà náà á sì dá wa lóhùn. Mo rí ohun tó ń sọ. Ẹ̀rù ọjọ́ ló ń bà mí. Tí mo bá kọ ọjọ́ sílẹ̀, kì í ṣe oníbàárà nìkan ló máa gbára lé e. Akọrin yẹn á ti fi ọjọ́ náà to eré rẹ̀, á ti sọ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ojú ta ni mo fẹ́ fi wò ó tí ọjọ́ bá pé tí kò sí àwo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ìgbà wo lẹ máa ń la ẹnu? Ṣé ó tọ́ ká gba owó èèyàn kí a tó gbọ́ àwo àyẹ̀wò?

Abẹ́rẹ́:

Ojú-Kejì, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ gígé àwo ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí ẹ tó ronú kan ọjọ́ rárá, ẹ pa dà sídìí àwo àkọ́kọ́ yẹn.

Ìṣẹ́jú 26 ti pọ̀ jù fún ojú kan. Ó ṣeé gé o, mo ti gé èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ilà, ìyẹn ipa tóóró tí abẹ́rẹ́ ń gbà lójú àwo, tó lè gba gbogbo orin yẹn, mo ní láti fún àwọn ilà mọ́ra, kí n sì dín ohùn kù. Tí ohùn bá ti lọ sílẹ̀, ariwo ara àwo fúnra rẹ̀ á máa yọ lábẹ́ orin. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù kíkankíkan, kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i. Obìnrin kan pẹ̀lú gìtá, tó ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn. Ẹ gbé orin kan láti ojú kìíní lọ sí ojú kejì, kó di 23 sí 23. Tí ẹ bá lè yọ orin kan kúrò pátápátá tí ojú kọ̀ọ̀kan ò fi ní ju 20 sí 22 lọ, inú ẹni tó máa gé e á dùn, etí ẹni tó máa gbọ́ ọ náà á sì gbádùn rẹ̀. Ẹ lè fi èyí tí ẹ yọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún wo orin tó parí ojú kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n kan náà ni àwo fi ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ etí òde rẹ̀ ń sáré lábẹ́ abẹ́rẹ́ ju àárín lọ. Lórí àwo ńlá tó ń yí po ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan (tí à ń pè ní 33), nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ilà ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ lébẹ̀ẹ̀lì, ó ti di bíi 21. Ohùn kan náà ní láti há sínú ààyè tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìró *s* àti *ṣ* ti máa ń ha èèyàn létí. Ẹ fi orin tó rọlẹ̀ jù lọ síbẹ̀, ẹ má fi èyí tó ti ń pariwo síbẹ̀ torí pé ó dùn ún fi parí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ọjọ́. Lẹ́yìn tí mo bá gé láákà, ìyẹn àwo tí ojú rẹ̀ rọ̀ tí a kọ́kọ́ ń gé orin sí, wọ́n á fín fàdákà sí i lára, wọ́n á rì í sínú omi níkẹ́ẹ̀lì kí irin lè dì mọ́ ọn, wọ́n á bó irin náà, wọ́n á sì ti ara rẹ̀ ṣe òǹtẹ̀ tó máa tẹ ike gbígbóná. Ó lè bàjẹ́ níbikíbi láàárín ìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àìdáa. Ní oṣù kejì ọdún 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ Apollo Masters ní Banning, ní California. Ilé-iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe àwo láákà fún gbogbo ayé nígbà náà, èyí tó ṣẹ́ kù sì wà ní Japan. Kò sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 2021 ńkọ́? Èrò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ débi pé àwọn kan dúró ju ìdajì ọdún lọ. Tí iṣẹ́ yín bá tún wọ oṣù tó ṣáájú Record Store Day, ọjọ́ àwọn ilé ìtajà àwo tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ àwo àkànṣe fún, tó máa ń wáyé ní oṣù kẹrin láti 2008, ẹ fi oṣù díẹ̀ kún ìrètí yín.

Nítorí náà, lójú tèmi, kò sí ọjọ́ tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kí ẹ tó gbọ́ àwo àyẹ̀wò. Tó bá dé, ẹ gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn, látòkè délẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó yàtọ̀ síra. Tí ẹ bá gbọ́ ìró “tá” kan ní ojú ibì kan náà lórí gbogbo wọn, òǹtẹ̀ tàbí láákà ni. Tó bá jẹ́ lórí ẹyọ kan ṣoṣo, àwo yẹn nìkan ló ní in. Tó bá ń pa dà wá ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.8, àpá ló wà lójú ilà, torí pé iye àkókò tí àwo 33 fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé wọn ò lẹ lébẹ̀ẹ̀lì òdì sójú òdì, pé ihò àárín wà láàárín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà lẹ lè wá kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Ti téèpù àtijọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ téèpù àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni gọ́ọ̀mù ara wọn ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Tí ẹ bá kàn gbé e sórí ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, orin á sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ fi ooru tó wà ní nǹkan bíi 54°C gbẹ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀ kó tó dà á kọ. Ẹ má ṣe é fúnra yín nínú ilé. Ẹ sì gba ìwé. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àti ti ẹni tó kọ orin náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹbí ní ọ̀kan, kí wọ́n má ní èkejì.

Alákòójọ:

Èmi kàn ń ra àwo ni, mi ò ń ṣe é. Mo ti san owó sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan rí tí ọjọ́ ń yẹ̀ ṣáá. Kì í ṣe yíyẹ̀ náà ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń kọ ímeèlì sí wọn, wọn ò fèsì. Ẹni tó bá kọ̀wé sí mi pé “òǹtẹ̀ bàjẹ́, a ti ní kí wọ́n tún un ṣe,” màá dúró dè é, màá tún ra òmíràn. Ẹ sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún wa, ká jọ máa retí.

Ohun kan tún kù. Ẹ má fi nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwo kọ̀ọ̀kan dá ara yín láàmú tí àwo kejì bá ṣáájú àkọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ń kó àwo jọ fẹ́ràn nọ́ńbà tó fò. Factory Records, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Manchester, fún bébà ìpolówó ara ògiri ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ wọn, wọ́n sì fún ilé ijó Haçienda ní 51, a ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

Ìlù-Ń-Ró:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́, òótọ́ ló sọ nípa àwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ Ojú-Kejì díẹ̀, torí pé èmi náà ń ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré, mo sì mọ ibi tó ń wò. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo á gba owó kó tó tẹ̀ ẹ́. Níbo la ti fẹ́ rí i? Tí ẹ bá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ títí àwo àyẹ̀wò á fi dé, ilé-iṣẹ́ tó lówó nìkan ló máa ṣẹ́ kù.

Kì í ṣe òní la ti ń san owó ṣáájú. Nígbà tí Sub Pop, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ Singles Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sanwó ṣáájú kí wọ́n lè máa rí àwo kékeré gbà, ní 1988, àwọn èèyàn san owó fún àwo tí wọn ò tíì gbọ́, tí wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó máa kọ ọ́, torí pé wọ́n gbà pé etí àwọn tó ń yan orin yẹn mọ orin. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ti Nirvana, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin ẹ ti ní àwọn tó ń ka lẹ́tà yín. Ẹ sọ fún wọn pé àwo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin kan nínú rẹ̀ lónìí, ẹ gba owó wọn, ẹ má kọ ọjọ́. Ẹ kọ ibi tí iṣẹ́ dé. Kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ pa dà á rí i gbà láìsí ìbéèrè. Tí ẹ bá ń lo Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin fún olólùfẹ́ wọn, ẹ wo ọjọ́ Bandcamp Friday tó ń bọ̀, ọjọ́ tí wọn kì í yọ ìpín tiwọn, tó ti wà láti oṣù kẹta ọdún 2020. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí lẹ́tà yín jáde.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ti ibẹ̀ yàtọ̀. Spotify fẹ́ kí ẹ fi orin kan han àwọn tó ń to orin níbẹ̀, ó pẹ́ tán ọjọ́ méje ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde. Ìyẹn ṣeé gbára lé, kò sí òǹtẹ̀ tó máa bàjẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má retí owó púpọ̀: láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú owó kankan wá láti ibẹ̀.

Ẹ má sì gba owó fún ti téèpù. Ibẹ̀ ni èmi àti Abẹ́rẹ́ ti pàdé.

Ojú-Kejì:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Akọrin wa ti gbà kí a gbé orin kẹrin lọ sí ojú kejì, ó sì fúnra rẹ̀ ní orin ìdákẹ́jẹ́ kan ló máa parí ojú kìíní. A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá a lè yọ ọ̀kan. Ó kọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ó máa di 23 sí 23.

Ohun tó máa wà nínú lẹ́tà nìyí: “Àwo kékeré wa ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ. A ń dúró de àwo àyẹ̀wò. Tá a bá ti gbọ́ ọ tó sì dára, ẹ máa gbọ́ ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ẹ lè sanwó sílẹ̀ báyìí, ẹ sì lè gba owó yín pa dà nígbàkigbà kó tó jáde. Àwo ńlá kan tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́ orin kan níbẹ̀ nísàlẹ̀ yìí.” A ò ní mẹ́nu kan ẹ̀kẹta. A ti kọ̀wé sí ẹbí náà pé ká jọ wá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ẹ̀tọ́ orin, a sì ti ń wá ẹni tó máa tọ́jú téèpù.

Abẹ́rẹ́:

23 sí 23 dára. Nígbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa gé e, ẹ kọ àkókò orin kọ̀ọ̀kan àti ti àlàfo àárín wọn sí bébà ọ̀tọ̀, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìlù nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ṣe máàsítà, ìyẹn àtúntò ohùn ìkẹyìn, ti ohùn rẹ̀ sókè jù kó lè pariwo bíi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó ṣe ti àwo lọ́tọ̀. Ẹ tún ní kí ẹni tó máa gé e kọ nọ́ńbà àwo yín sára láákà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orin ti parí, kí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ má bàa ṣì í mú.